Ojú Ewé Kejìlélógún

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkùnrin tó ya òkú afẹ̀jẹ̀mu yìí burú, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí ọmọ aládùúgbò bá gbá bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì rẹ̀, òun náà ló tún máa ń bẹ ọmọ ọ̀hún pé kó má sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní pẹ́ńsù, kí ẹ wá wo nǹkan! Pósí á ṣí. Adán á bo ojú ọ̀run. Ọkùnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, tí ẹ̀wù àwọ̀lékè dúdú rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, á jáde láti inú ilé gogoro olókùúta, eyín rẹ̀ méjì á yọ síta ṣóńṣó, ẹni tó ń wò ó á sì fọwọ́ bo ọrùn ara rẹ̀ láìmọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣe é bẹ́ẹ̀: ọkọ á ya àwòrán, ìyàwó á fi kálàmù ẹnu pẹlẹbẹ kọ ọ̀rọ̀ sínú àwọn róbótó funfun tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwé àwòrán kan ni wọ́n ti pàdé nígbà èwe wọn. Ọkùnrin náà ni ọ̀gá nídìí tábìlì àwòrán, obìnrin náà ni akọ̀wé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti kógbá sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn níbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wọn. "Ọ̀gá mi" ni ìyàwó ń pe ọkọ, "Akọ̀wé" ni ọkọ ń pe ìyàwó. Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ, wọn ò sì fi ìyẹn da ara wọn láàmú mọ́. Wọ́n ti sun ẹkún ẹ̀ tán.

Wàyí o, ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Kálàmù ló kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ àṣejù ni. Nígbà tí kò lè de bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́, Akọ̀wé fi ipá mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà tó rí wọn kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Orí tábìlì ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́: ọwọ́ kan á kọ́kọ́ lọ, èkejì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ahọ́n. Oògùn wà tó lè mú àìsàn náà rọra rìn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dá a dúró.

"Oṣù mélòó ni ọwọ́ yìí ṣì fi máa lè di pẹ́ńsù mú?" Ọ̀gá bi í.

"Mẹ́fà, sà. Bóyá méje."

Ọ̀gá kàn ń mi orí bí ẹni tí télọ̀ sọ ọjọ́ tí aṣọ máa jáde fún. Nígbà tí wọ́n dé ojú títì, ó dúró.

"Akọ̀wé, afẹ̀jẹ̀mu wa yẹn, ó ti yá o."

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kálukú níbi tó ti dàgbà, wọ́n ti ka àwọn ìwé àwòrán adẹ́rùbani àtijọ́ wọ̀nyẹn, àwọn tí bébà wọn máa ń ha ọwọ́, tí àwọ̀ inú wọn máa ń ṣàn kọjá ìlà, tó jẹ́ pé bí ìyá ẹni bá rí i lọ́wọ́ ẹni, á gbà á, á fi dáná. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ kò gba irú ìranù bẹ́ẹ̀. Ajá ọlọ́gbọ́n àti ọmọ tó ń gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ogún ọdún yà. "Bí mo bá fẹ̀yìn tì," Ọ̀gá á wí, "mà á ya ẹni tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu." Ojú ewé méjìlélógún ló ní lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo tó tún ń fẹ́ láyé nìyẹn, kí ojú ewé méjìlélógún pé kí ọwọ́ òun tó kú. Ohun tí Akọ̀wé náà ń fẹ́ nìyẹn, torí kò sí nǹkan mìíràn tó kù tó lè bá a wá.

Ọ̀gá sì lórí kunkun o! Bí ti àtijọ́ gan-an ló fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré, Atẹ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun ló gbà láti tẹ ìwé náà. Atẹ̀wé bẹ̀ ẹ́ títí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ya ìlà dúdú nìkan, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi kọ̀ǹpútà kun àwọ̀ tó kù." Àbí kí ni Ọ̀gá fẹ́ gbọ́? Ó ní kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń ya ajá. Ìgò àwọ̀ mẹ́ta ló kó jáde lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ wọn tì: yẹ́lò, búlúù àti pupa. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tọ́jú wọn sínú àpótí bàtà. Pupa yẹn ló fẹ́ràn jù. Á gbé ìgò náà sókè, á máa yí i. "Wò ó, Akọ̀wé. Ṣé o rí i? Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́."

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà ò le. Òkú afẹ̀jẹ̀mu kan ń gbé nínú ilé gogoro òkúta pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà sì jẹ́ alààyè. Obìnrin náà mọ ohun tí ọkọ òun jẹ́. Òun ló ń ti fèrèsé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí oòrùn má baà jó ọkọ rẹ̀ pa, òun ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ẹ̀wù, òun ló ń purọ́ fún àwọn tó wá kanlẹ̀kùn. Bí ọkọ ṣe ń mu gbogbo ìlú lọ, bẹ́ẹ̀ ni aya ń rù. Ọ̀gá á yà á, Akọ̀wé á kọ ọ́. Bí wọ́n bá parí ojú ewé kan, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á ti dúrọ́ọ̀ náà, wọ́n á mu tíì.

Ní oṣù kẹta, ó di pé Akọ̀wé ń fi báńdéèjì so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ìka Ọ̀gá. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń wọṣọ fún un, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Òun náà ló ń yí bébà fún un bí ìlà bá fẹ́ tẹ̀. Bí ìyẹn bá parí, á wá jókòó sídìí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó rù débi tí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ fi ń yọ bọ́ sínú omi ìfọṣọ, ó bá kúkú bọ́ ọ sórí fèrèsé. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé garawa dání, ẹ̀yìn ń ro ó, ó ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀, Ọ̀gá wá ń wò ó láti orí àga.

"Akọ̀wé, ìwọ lò ń gbẹ, èmi ni mò ń gbádùn. Àbí èmi gan-an ni afẹ̀jẹ̀mu yìí?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?" Akọ̀wé dá a lóhùn. "Ẹ ti mu ún tán. Ẹ jẹ́ n ráyè da omi garawa yìí nù."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò pẹ́. Akọ̀wé ní tirẹ̀ ti gbàgbé pé òun sọ nǹkan kan kó tó ti ẹ̀yìnkùlé dé.

Nígbà tí oṣù karùn-ún fi ń parí lọ, ojú ewé kan ṣoṣo ló kù. Ní ojú ewé kọkànlélógún, kò sí ẹ̀dá alààyè kankan mọ́ nínú ìlú inú ìwé náà. Ebi ń pa afẹ̀jẹ̀mu, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé kọ síbẹ̀ ni pé: "Obìnrin náà kò ti ilẹ̀kùn." Ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti ní kó má wọ yàrá iṣẹ́ láàárọ̀ mọ́.

"Kí ló dé?"

"Èyí ò ní ọ̀rọ̀ nínú. Kí lo fẹ́ wá kọ?"

"Mi ò gbọdọ̀ wò ó ni?"

"Wàá wò ó tó bá jáde. Lọ ra tìẹ bí àwọn èèyàn yòókù."

Akọ̀wé pòṣé, ó ní òun ti gbọ́. Àárọ̀ mọ́kànlá ló fi dúró lójú ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń gbọ́ tí búrọ́ọ̀ṣì ń já bọ́, tí Ọ̀gá ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ṣe ń wá a kiri ilẹ̀. Kò wọlé. Ní ọjọ́ kọkànlá, Ọ̀gá pè é. Ó ti fi bébà ìdìpọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ we ojú ewé náà, ó fi eyín já téèpù sí i lára. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò gbé búrọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Ṣèlérí fún mi," ó ní.

"Mo ti ṣèlérí. Àgbà yìí, ẹ jẹ́ ká sinmi!"

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Omi ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù. Akọ̀wé ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ń sáré wálé láti wẹ̀ àti láti mú aṣọ. Ní ọjọ́ kẹta, òjò ńlá kan rọ̀. Nígbà tó dé ilé lọ́sàn-án, àjà yàrá iṣẹ́ ti ya, omi sì ti kún inú dúrọ́ọ̀.

Ẹ gbà mí o! Ariwo tí obìnrin yìí pa, aládùúgbò mẹ́ta ló sáré jáde. Ó ń kó ojú ewé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbé ọmọ ìkókó. Tàdáwà dúdú kò tú, àwọ̀ kò ṣàn, ọpẹ́lọpẹ́ bébà wọn tó nípọn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ló rin gbindin. Ó ta okùn sí iwájú fèrèsé gíláàsì ńlá tó wà ní pálọ̀, níbi tí oòrùn ti máa ń wọlé láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó há wọn mọ́ ọn bí aṣọ, ó kọ ojú wọn sí oòrùn kí ara wọn lè tètè gbẹ kí wọ́n má hu. Ó wá kan ti ìkẹyìn. Bébà ìdìpọ̀ ti rin mọ́ ọn lára, bí ó bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ó rántí ìlérí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bó o láti ẹ̀yìn, ó yí ojú tirẹ̀ sí ògiri, ó sì há bébà náà mọ́ okùn láìwò ó, tí ẹ̀yìn bébà wà sí yàrá, tí ojú rẹ̀ kọ sí oòrùn bíi ti àwọn yòókù.

Ẹ bá mi wo obìnrin yìí! Èmi ni, mà á ti yọjú. Ẹ̀yin náà ẹ̀ bá ti yọjú, ẹ má tàn mí. Ká ní ó wò ó fìrí bó ṣe ń há a, ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ì bá má ṣẹlẹ̀ rárá.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi wà lórí okùn. Ọ̀gá ń ṣe kú-n-kú yè-n-yè ní ọsibítù, ta ló fẹ́ rántí bébà? Atẹ̀wé pè pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá kó wọn. Ní ọjọ́ kẹwàá, tí ara Ọ̀gá ti ń balẹ̀ díẹ̀, Akọ̀wé wálé wá ká àwọn ojú ewé náà. Ó yí ti àkọ́kọ́ padà, ó rò pé ojú òun ni. Ó yí èkejì. Ó yí ẹ̀kẹta.

Pupa ti lọ. Dúdú wà, búlúù wà, yẹ́lò wà. Ṣùgbọ́n ètè afẹ̀jẹ̀mu ti di funfun, inú ẹ̀wù rẹ̀ ti di funfun, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn láti ojú ewé kìíní ti gbẹ tán, ó ku àbàwọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdí ife tíì. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nílé iṣẹ́ wọn, bí wọ́n bá ti kùn ún tán, inú dúrọ́ọ̀ ló ń lọ. Ojú ewé kankan ò fi ọjọ́ kan ṣoṣo rí oòrùn. Pupa tí Ọ̀gá fẹ́ràn jù láyé kò lè fara da oòrùn, Akọ̀wé fúnra rẹ̀ sì ló kọ ojú wọn sí i fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Nígbà tó padà dé ọsibítù, ohun tí Ọ̀gá kọ́kọ́ bi í ni, "Àwọn ọmọ wa dáa?"

"Wọ́n dáa. Ẹ̀yin ni wọ́n ń retí."

Kò rí i sọ. Ọkùnrin tí wọ́n fi rọ́bà sí nímú, kí lẹ fẹ́ kó sọ fún un? Ó pinnu pé òun á kùn wọ́n padà. Pupa ṣì wà nínú ìgò níwọ̀nba. Òun kì í ṣe ayàwòrán, ṣùgbọ́n òun mọ ojú ewé mọ́kànlélógún yẹn bí ẹni mọ ojú àpá ara rẹ̀. Òun ló wà nídìí gbogbo wọn. Lọ́sàn-án, bí nọ́ọ̀sì bá ti lé àlejò jáde, á sáré wálé, á jókòó ti fèrèsé, á fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín máa tọ àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan. Ètè. Ọrùn. Inú ẹ̀wù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lórí àtẹ̀gùn. Ó fi ọjọ́ mẹ́fà parí mọ́kànlélógún. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ le gbagidi, ṣùgbọ́n nígbà tó tò wọ́n sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó wá ku ọ̀kan. Ó fi í sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìlérí kan kò lè ba gbogbo ìwé jẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ foríjì mí," ó sì yí i padà.

Àwòrán kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú ewé náà. Obìnrin kan sùn lórí ibùsùn. Afẹ̀jẹ̀mu jókòó tì í, ó tẹ̀ bà á, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọrùn obìnrin náà, ẹnu tirẹ̀ là díẹ̀. Yẹ́lò kún ẹ̀yìn yàrá náà bíi pé ẹnì kan gbé àtùpà wọlé. Akọ̀wé wo ojú obìnrin náà, ó mọ àpá kékeré tó wà lágbọ̀n rẹ̀, ó mọ bí irun rẹ̀ ṣe lọ sẹ́yìn níwájú orí. Òun ni. Ọkọ òun ya òun.

Ó dùn ún, kí n má purọ́. Ó jókòó ti àwòrán náà, omi lé ròrò sí i lójú. Ṣé ibi tó ń gbé e bọ̀ nìyí, pé ọkọ á padà jẹ ìyàwó rẹ̀? Ó tún bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: ìtàn mà ni. Nínú gbogbo ìwé àtijọ́ tí àwọn kà, ṣé afẹ̀jẹ̀mu kan wà tó jókòó ti ọrùn èèyàn tí kò bù ú jẹ? Àbàwọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lọ́rùn obìnrin náà lóòótọ́, ìlà méjì tó ń ṣàn wálẹ̀. Ó ri búrọ́ọ̀ṣì bọ inú pupa tó kù nísàlẹ̀ ìgò, ó kun ètè, ó kun eyín, ó kun ọrùn, ó sì jẹ́ kí ó kán sórí aṣọ ibùsùn bí Ọ̀gá ṣe máa ń ṣe é. Ó farabalẹ̀ ṣe é. Ó ní kí èyí dára ju gbogbo àwọn tó kù lọ.

Wọ́n dá Ọ̀gá sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ohùn rẹ̀ ti wúwo, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní kí wọ́n kó àwọn ojú ewé wá. Akọ̀wé kúnlẹ̀ ti àga, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: òjò, okùn, oòrùn, ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ń retí pé kó bínú. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín débi tí ikọ́ fi mú un.

"Oòrùn ló mu ún? Oòrùn gan-an ti di afẹ̀jẹ̀mu!"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti kùn wọ́n padà."

"Ìwọ? Gbé e wá."

Ó ń gbé wọn sókè fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ń wò, ó ń yọ̀. "Wò ó bí o ṣe kun ètè! Akọ̀wé, o ti ń fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ fún mi láti ọgbọ̀n ọdún." Akọ̀wé ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ó dé orí ti ìkẹyìn, ó ní, "Mo wò ó o. Mo ti yẹ àdéhùn. Mi ò lè kùn ún láìwò ó." Ó gbé e sókè.

Ọ̀gá wò ó títí, títí ọwọ́ Akọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

"Kí ló dé tí o kun èyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ló ṣá, Ọ̀gá mi."

"Èyí ò ṣá." Ó mí. "Kò ní pupa nínú tẹ́lẹ̀."

"Báwo ni kò ṣe ní?"

"Kò bù ú jẹ, Akọ̀wé. Aṣọ ló fẹ́ fi bo ọrùn ẹ̀. Kì í ṣe àtùpà nìyẹn, oòrùn ni. Ó ti ṣí fèrèsé. Ebi ń pa á, ó jókòó tì í, ó ń dágbére fún un, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun."

Akọ̀wé yí àwòrán náà sí ara rẹ̀. Ó wá rí i. Ìka afẹ̀jẹ̀mu mú etí aṣọ ìbora. Fèrèsé tó wà ní títì láti ojú ewé kìíní ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀, èéfín sì ti ń rú léjìká ẹ̀wù dúdú náà. Àbàwọ́n ọrùn yẹn, omi àjà ló ṣe é. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló fi ẹ̀jẹ̀ bò ó.

"Yéè, mo gbé!" Ó sáré mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ètè náà. Bébà ń hu irun, pupa ò kúrò, ìlà dúdú ẹnu ló ń bá a jáde. Ó ju abẹ sílẹ̀. Ó gbé bébà tuntun, ó so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ìka Ọ̀gá, ó di ọwọ́ náà mú. "Ẹ máa sọ fún mi. Èmi á máa tì í, ẹ ṣáà máa sọ." Ìlà tó jáde rí wọ́kọwọ̀kọ bí ipa kòkòrò. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ọ̀gá ní ó tó.

"Kò burú," ó ní. "Bó o ṣe rí i náà lo ṣe kùn ún."

"Rárá! Mo rò pé ó ṣá ni!"

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò gbọ́, Ọ̀gá mi. Àwàdà ni mo ń ṣe lọ́jọ́ tí mo gbé garawa yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. Ọ̀gá ò dárúkọ garawa kankan. Ó wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rí ohun tó ti ń rò tẹ́lẹ̀ hàn, ó sì ní kó má sunkún mọ́.

Atẹ̀wé dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó ń yẹ wọ́n wò, ó ń pòyì yí tábìlì. Nígbà tó dé orí ti ìkẹyìn, tí ẹnu afẹ̀jẹ̀mu rí jákujàku níbi tí abẹ ti ha á, ó fò sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ pa mí! Èyí gan-an ni wọ́n máa torí ẹ̀ rà á!"

"Má kó èyí," Akọ̀wé ní. "Jẹ́ kó parí sí mọ́kànlélógún. Mo bẹ̀ ọ́."

"Kó gbogbo ẹ̀ lọ," Ọ̀gá ní láti orí àga. "Méjìlélógún ni."

Ìwé náà jáde lóṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ahọ́n Ọ̀gá ti lọ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ti lọ, ojú nìkan ló kù. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ti kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa sọ̀rọ̀: kó pajú dé lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì fún rárá. Atẹ̀wé wá jókòó tì í, ó ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ ránṣẹ́ fún un. Ojú ewé ìkẹyìn yẹn, wọ́n ní ó dẹ́rù bani, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé á padà jẹ ẹ́. Nígbà tó lọ tán, Akọ̀wé fa àga sún mọ́ ibùsùn. Ọ̀sán ni, ó ti ká aṣọ fèrèsé sókè. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò tíì bi í ní ìbéèrè rí, torí ẹ̀rù ń bà á.

"Ọ̀gá mi. Mo rò pé ó ṣá ni mo ṣe kùn ún. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?"

Ọ̀gá pajú dé lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí i.

Ara Akọ̀wé balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó di ọwọ́ tó ti kú náà mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra á. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni.

"Ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò mu ẹ̀jẹ̀ mi rí. Àbí ẹ ò mọ̀?" Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ ò mu ún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọ̀gá pajú dé, ó ṣí i. Akọ̀wé ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo egungun ọrùn rẹ̀, ó wo apá rẹ̀ tó ti tín-ín-rín, ó sì tún pajú dé lẹ́ẹ̀kejì.

Akọ̀wé dúró wò ó bóyá oorun ni. Ojú náà ṣí, ó ń wò ó kedere. Ó ti tó àkókò láti yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó dìde, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ èjìká rẹ̀.